Ìgbà Wo Gan-an Ló Yẹ Kéèyàn Ra Aṣọ Désáínà Ọkùnrin Nígbà Séèlì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì? Ìtọ́sọ́nà Fáwa Tá A Wà ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí lọ́dọọdún. Bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ báyìí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà yẹn ti wálẹ̀ o, ṣé kí n rà á àbí kí n ṣì ní sùúrù?" Bí mo bá dá ẹnì kan lóhùn lónìí, ẹlòmíì á tún bi mí lọ́la, torí náà mo ti kó gbogbo ẹ̀ síbí, ẹ kà á kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ síra yín.

Ẹni tí ò bá ráyè ka gbogbo ẹ̀, ìdáhùn rèé: séèlì ńlá méjì ló wà lọ́dún, ti oṣù kẹfà àti ti ìparí oṣù kọkànlá. Ti oṣù kẹfà ni tiwa níbí. Ìgbà tí wọ́n bá gé owó lẹ́ẹ̀kejì ló dáa jù láti rà, àyàfi tí sáìsì yín bá jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń dù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ nǹkan náà sì ni kẹ́ ẹ ti máa ka ọjọ́ bọ̀ wá sẹ́yìn, ẹ má wo ọjọ́ tí séèlì ṣí. Àlàyé ẹ̀ ló kù.

## Bí séèlì ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù

Sáà méjì làwọn désáínà fi ń ṣọjà. Ti ooru ni wọ́n ń kọ SS sí, ti òtútù ni AW tàbí FW. Ọjà SS máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù láti bí oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹta, ti AW a sì máa wọlé ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Aṣọ tẹ́ ẹ bá rí lórí séèlì ní oṣù kẹfà ti wà lórí ìsọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta mẹ́rin nìyẹn, ọjà tuntun sì ti ń kanlẹ̀kùn. Wọn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni o, ààyè ni wọ́n ń wá.

- Ìparí oṣù karùn-ún: séèlì ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá ti fi ímeèlì ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn nìkan ló máa rí i.
- Oṣù kẹfà: séèlì gbangba. Gígé kìíní, 20% sí 40%.
- Ìparí oṣù kẹfà sí àárín oṣù keje: gígé kejì, ó máa ń tó 50%.
- Ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ: àjẹkù, 60% sí 70%, wọn kì í sì fẹ́ gbà á padà mọ́.
- Ìparí oṣù kọkànlá: Black Friday, ìyẹn Fúráìdè tó bá tẹ̀ lé Tọ́sìdeè kẹrin nínú oṣù náà. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 27 ló bọ́ sí. Cyber Monday, ìyẹn Mọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé Fúráìdè yẹn, ló tẹ̀ lé e.
- Láti nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù kejìlá: gígé kejì ti òtútù. Àjẹkù ẹ̀ á wà títí oṣù kìn-ín-ní.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá bíi SSENSE tó wà ní Montreal, MR PORTER ní London, END. ní Newcastle, Mytheresa ní Jámánì àti LuisaViaRoma ní Florence, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹlòmíì á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òmíì á dúró wo ẹnìkejì ẹ̀ kó tó gé.

Ti aago náà ṣe pàtàkì, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹwàá, aago London àti tiwa dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa la fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Montreal àti New York ń bẹ lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún nígbà ooru, mẹ́fà nígbà òtútù. Tí ṣọ́ọ̀bù Montreal bá ní ọ̀gànjọ́ òru làwọn máa ṣí Black Friday, aago mẹ́fà ìdájí Fúráìdè nìyẹn ní Àkúrẹ́. Kẹ́ ẹ sùn dáadáa ló kàn.

## Séèlì wo ló jẹ́ tiwa?

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń bọ́ sómi jù. Ojú ọjọ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà tí mo kọ sókè yẹn. Lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá ra ṣẹ́ẹ̀tì línìn lórí séèlì ní oṣù keje, ó ku oṣù méjì péré tí wọ́n máa fi wọ̀ ọ́ kí òtútù tó lé wọn wọlé. Àwa ńkọ́? Láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá la ó máa wọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ péńpé, ṣòkòtò òwú tí ò nípọn, tíṣáátì, póólò, lófà (bàtà tí ò ní okùn), sálúbàtà aláwọ, gbogbo ohun tí wọ́n ń sáré kó dànù ní oṣù kẹfà ló bá oòrùn Àkúrẹ́ mu. Ẹni tó bá lówó fún séèlì kan ṣoṣo lọ́dún, kó tọ́jú ẹ̀ de oṣù kẹfà.

Ìdí kejì tún wà. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tò: ọjà tẹ́ ẹ bá rà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, bó ti wù kí éjẹ́ńtì (ẹni tó ń bá yín gba ọjà lókè òkun tó sì ń kó o wá sílé) fà á tó, ó yẹ kó ti dé ọwọ́ yín kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ìgbéyàwó tó pọ̀ jù lọ́dún sì ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejìlá. Ẹ̀ẹ́ ti rí lófà tẹ́ ẹ máa wọ̀ sábẹ́ agbádá, ẹ̀ẹ́ ti fún télọ̀ láyè láti gé ṣòkòtò kúrú, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹni tó bá ra tiẹ̀ lọ́jọ́ Black Friday tó ń retí kó fi ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ kejì Kérésì, àdúrà ló ń gbà yẹn, torí ìgbà yẹn gan-an lẹrù gbogbo ayé ń wọ Èkó.

Séèlì òtútù náà ní tiẹ̀ o, ẹ kàn máa ṣà á. Ohun tó yẹ ní rírà níbẹ̀ ni bàtà (èyí tí ò nírun nínú), bẹ́líìtì, wọ́lẹ́ẹ̀tì, jíǹsì, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ́síì l'Alágbàká lè ra póólò onírun tó fẹ́lẹ́. Kóòtù wúlù gbọ̀gbọ̀rọ̀, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki ìyẹ́ sínú ẹ̀, ẹ bá mi fi sílẹ̀, kódà kó jẹ́ 80%. Ọyẹ́ wà lóòótọ́ ní oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n òtútù ẹ̀ ò kọjá àárọ̀ kùtù, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá oòrùn ti gorí Ọjà Ọba.

Súùtù: inú séèlì oṣù kẹfà ni kẹ́ ẹ ti wá a. Ẹ ka àlàyé ẹ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n bá kọ tropical wool (wúlù tó fẹ́lẹ́) sí tàbí tí wọ́n ní kò ní láínìn nínú ló dáa fún wa.

Bàtà súẹ́ẹ̀dì (awọ tí ojú ẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́) ńkọ́? Ó máa ń pọ̀ gan-an lórí séèlì, ó sì máa ń wu ojú. Àmọ́ ẹ rò ó wò, oṣù keje, òjò, ẹrẹ̀ pupa tó ń ta sókè látara táyà ọ̀kadà ní ọ̀nà Òbá-Ilé. Ọjọ́ kan péré ti tó. Ẹ rà á tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tẹ́ ẹ ń gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ra aláwọ dídán. Tó bá jẹ́ pé awọ ni ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde rárá ni kẹ́ ẹ ti ní kí aránbàtà lẹ rọ́bà tínrín mọ́ ọn.

## Kí séèlì tó ṣí: ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí séèlì bá ṣí, ẹ ò gbọ́dọ̀ tún máa wá téèpù ìwọnra.

1. Ẹ wọn ara yín, tó bá sì ṣe é ṣe, ẹ wọn aṣọ tó bá yín mu jù. Ẹ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wọn láti abẹ́ apá kan dé èkejì, èjìká, apá, gígùn. Ṣòkòtò: ìbàdí, itan, gígùn inú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ gan-an sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi wé tiyín, ẹ má gbọ́kàn lé M tàbí L tí wọ́n kọ.

2. Ẹ mọ nọ́ńbà àwọn ará Ítálì. Fún kóòtù àti jákẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ 10 nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí ti ìlú ọba: 48 jẹ́ 38, 50 jẹ́ 40, 52 jẹ́ 42. Ti bàtà, UK 8 sún mọ́ EU 42, UK 9 sún mọ́ EU 43, ti Amẹ́ríkà sì máa ń fi nọ́ńbà kan ju ti UK lọ. Ẹ má méfò ra bàtà o, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa bóyá ó tóbi tàbí ó há.

3. Ẹ ṣí àkáǹtì sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ gba áàpù wọn, kẹ́ ẹ gbà kí wọ́n máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Torí séèlì ìkọ̀kọ̀ yẹn ni. Ẹ kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀ kó ti wà.

4. Ẹ kó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sínú wishlist (àkọsílẹ̀ ohun tó wù yín lórí ṣọ́ọ̀bù náà) pẹ̀lú sáìsì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ojú fóònù tó gbé owó ẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Èyí á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n gé e, àbí ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè.

5. Ẹ wá nǹkan kan náà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán. Bí sáìsì bá tán lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa yà sí.

6. Ẹ bá éjẹ́ńtì yín sọ̀rọ̀. Èló ni kílò kan báyìí, ọjọ́ wo lẹrù máa ń gbéra, ṣé ó máa ń ṣí páálí wò? Ẹ bi í bóyá àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ò gba àdírẹ́sì ẹ̀ mọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí àdírẹ́sì tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń lò, wọ́n á fagi lé ọjà náà, kówó yín tó padà dé, sáìsì ti tán.

7. Ẹ ti ní dọ́là tàbí pọ́n-ùn lọ́wọ́. Ti èyí ń bọ̀ nísàlẹ̀.

## Ó ti ṣí: ẹ sáré ni àbí ẹ dúró?

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wò, sáìsì ló sì ṣáájú.

Bàtà 42 sí 44, aṣọ M àti L, ìbàdí 32 àti 34, àwọn wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ tán níbi gbogbo. Tí ẹ bá wà nínú àwọn yẹn, tí nǹkan náà sì wù yín dọ́kàn, ẹ rà á ní gígé kìíní, 30% yẹn ti tó. Tẹ́ ẹ bá ń wọ bàtà 40 tàbí 46, tàbí XS tàbí XXL, ẹ jókòó tiyín jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ́ rí i ní 50%, ẹ lè rí i ní 60% pàápàá. Èèyàn gíga tó tóbi, ìgbà séèlì lẹ máa ń jẹ̀gbádùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ariwo kó yín láyà jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọ̀ àti ọnà ara ẹ̀. Dúdú, funfun àti búlúù tó ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í tiẹ̀ gbé e sórí séèlì rárá, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tà á. Tẹ́ ẹ bá wá rí kánfáàsì funfun tí ò ní wàhálà lára tí wọ́n gé ní 30%, ẹ má ronú púpọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ní òdòdó rẹpẹtẹ, tó láwọ̀ bí ọsàn, kò síbi tó ń lọ, ẹ jẹ́ kó máa wálẹ̀ bọ̀.

Ìkẹta ni iye tó kù. Tí ṣọ́ọ̀bù bá kọ ọ́ pé ẹyọ kan ló kù, tí àwọn méjì tó kù tẹ́ ẹ ń ṣọ́ náà ò sì ní in mọ́, ẹ mọ̀ pé gígé kejì ò ní bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gbogbo sáìsì bá ṣì pé pérépéré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọjà náà ò tà nìyẹn, wọ́n á tún gé e.

Ẹ sì rántí, ohun tó wà nínú cart (apẹ̀rẹ̀ ìrajà orí íntánẹ́ẹ̀tì) kì í ṣe tiyín o. Wọn ò bá yín dì í mú. Ẹ̀ẹ́ máa wá káàdì kiri, ẹlòmíì á ti sanwó.

Bí wọ́n bá gé owó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ rà á, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, kẹ́ ẹ rọra bi wọ́n bóyá wọ́n lè dá ìyàtọ̀ ẹ̀ padà. Àwọn kan máa ń ṣe é, àwọn kan ò ní gbà, ìbéèrè ò sì gbowó.

## Ìṣirò tó ń fọ́ni lórí

Ẹ jẹ́ ká fi lófà 400 pọ́n-ùn ṣe é. Ní 30% ó di 280. Ní 50% ó di 200. Ní 60% ó di 160. Tí wọ́n bá wá fún yín ní kóòdù 20% lórí èyí tí wọ́n ti gé ní 50%, kì í ṣe 70% nìyẹn o. 20% ti 200 ni wọ́n máa yọ, ó ku 160. 60% ni.

Láti 50% dé 60%, 40 pọ́n-ùn ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá tìtorí 40 pọ́n-ùn lẹ fẹ́ kí sáìsì tán mọ́ yín lójú. Lójú tèmi, kò tó bẹ́ẹ̀ fún bàtà. Fún aṣọ tó jẹ́ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ lásán ni, ẹ lè dúró.

Nǹkan tí ará London ò ní rò, tí àwa gbọ́dọ̀ rò, ni náírà. Ní oṣù kẹfà 2023, àárín séèlì gan-an, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan gbéra láti bíi 470 náírà, kí oṣù náà sì tó parí ó ti kọjá 700. Ẹni tó ń dúró de gígé kejì lọ́dún yẹn, wọ́n gé owó bàtà lóòótọ́, náírà tó máa fi rà á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ ra dọ́là tàbí pọ́n-ùn yín díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kẹ́ ẹ kó o sínú àkáǹtì dọ́mù, ìyẹn àkáǹtì báǹkì tó ń gba owó ilẹ̀ òkèèrè. Tí náírà bá ń yọ̀ lọ nígbà séèlì tówó yín ṣì wà ní náírà, ẹ má dúró de ẹ̀dínwó kankan mọ́, ẹ rà á.

Ohun tó kù tẹ́ ẹ máa kà mọ́ ọn:

- VAT (owó orí ọjà) ìlú ọba, 20%. Ó ti wà nínú owó tẹ́ ẹ rí tó bá jẹ́ àdírẹ́sì éjẹ́ńtì ní London lẹ lò, wọn ò sì ní dá a padà.
- Tí ṣọ́ọ̀bù náà bá ń fi ọjà ránṣẹ́ tààrà sí Nàìjíríà, ó lè yọ VAT yẹn kúrò, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ká owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sanwó.
- Kílò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù máa ń wo bí páálí ṣe tóbi tó: gígùn lọ́nà ìbú lọ́nà gíga, ní sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n pín in fún 5,000. Páálí bàtà 35 lọ́nà 25 lọ́nà 13 á di kílò méjì lé, nígbà tí bàtà inú ẹ̀ lè má kọjá kílò kan ààbọ̀. Ẹ ní kí éjẹ́ńtì yọ páálí dànù, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un tà lọ́jọ́ iwájú.
- Wébìlì láti Èkó wá sí Àkúrẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí bàtà yẹn sì wà ní ọwọ́ ẹni gidi kan ní Ìjàpọ̀ níbí ní owó tó sún mọ́ ọn, ẹ gbéra kẹ́ ẹ lọ dán an wò lẹ́sẹ̀, kí lẹ tún ń bá éjẹ́ńtì fà?

## Káàdì

Káàdì náírà: ní 2022 ọ̀pọ̀ báǹkì dá a dúró pé kò gbọdọ̀ sanwó nílẹ̀ òkèèrè mọ́, àwọn kan tún ṣí i padà ní 2025, pẹ̀lú iye tí ò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ bi báǹkì yín kí séèlì tó dé. Káàdì àkáǹtì dọ́mù ló ṣeé fọkàn tán jù. Káàdì dọ́là inú áàpù náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń kọ̀ ọ́.

- Ẹ fi ra nǹkan kékeré wò, kódà kó jẹ́ sọ́ọ̀kì, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.
- Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ kọ sí báǹkì ni kẹ́ ẹ kọ síbi tí wọ́n bá ti bi yín ní àdírẹ́sì káàdì.
- Síìmù tí OTP (nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì ń fi ránṣẹ́) ń wọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù, kó sì ní nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ ti gba iná sí fóònù yín kó kún dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ mọ̀ bí iná ṣe ń ṣe.
- Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n lè tì í pa. Ẹ lo káàdì kejì.

## Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí kì í ṣe séèlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Louis Vuitton kì í ṣe séèlì. Hermès kì í ṣe séèlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Goyard náà ò ṣe é. Torí náà, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá rí "Louis Vuitton 80%, ó ku wákàtí méjì", olè ni tàbí ayédèrú, kò sí ẹ̀kẹta. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ tún wo àwọn àmì wọ̀nyí:

- Gbogbo ọjà, gbogbo sáìsì, ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ 85%.
- Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ńlá ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi "sale" tàbí "outlet" bọ àárín àdírẹ́sì ẹ̀.
- Wọn ò gba káàdì, àfi kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan.
- Ìpolówó inú Facebook tàbí Instagram lẹ ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ jáde, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ṣọ́ọ̀bù gidi náà lè ṣubú o. MatchesFashion ti London, ilé ọjà tó ti pẹ́ tó sì lórúkọ, kógbá sílé lọ́dún 2024. Tí wọ́n bá fẹ́ dá owó yín padà, káàdì ni kí wọ́n dá a padà sí, ẹ má gbà kó wà lọ́wọ́ wọn pé ẹ máa fi rajà nígbà míì.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn

Wọ́n ń ra ẹ̀dínwó, wọn ò ra aṣọ. Ẹni tí ò lè ra nǹkan náà ní 30%, tí ò tiẹ̀ wù ú nígbà náà, kí ló dé tó fi ń sáré sí i ní 70%?

Wọ́n ń ra sáìsì tó súnmọ́ tiwọn torí tiwọn ti tán. Télọ̀ lè dín ìbàdí ṣòkòtò kù, ó lè gé e kúrú, kò lè fẹ èjìká kóòtù. Bàtà tó há kì í là tó bí ẹ ṣe rò.

Wọn kì í ka "final sale". Ọ̀rọ̀ méjì yẹn, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù náà ò fẹ́ gbà á padà mọ́.

Wọ́n ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀bù márùn-ún, wọ́n á san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ kó o jọ sí ọ̀kan tàbí méjì.

## Tí séèlì bá ti kọjá lọ

Vestiaire Collective, Grailed àti eBay ni wọ́n ti ń ta èyí tí ẹlòmíì ti rà. Ìparí oṣù kẹjọ àti oṣù kejì ló dáa níbẹ̀, torí àwọn tó fi ìwàǹwára rajà nígbà séèlì ti ń tà á jáde, púpọ̀ ẹ̀ ni wọn ò tíì wọ̀ rí. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á, ẹ ná an, àwọn náà ń retí kẹ́ ẹ ná an.

Àwọn tó ń gba pre-order (ẹ sanwó ṣáájú, wọ́n á bá yín rà á) lórí Instagram ní Àkúrẹ́ níbí náà wà, pàápàá láyìíká yunifásítì FUTA. Ó rọrùn, àmọ́ ẹ má san gbogbo owó tán. Ẹ san ìdajì, kí wọ́n fi rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù hàn yín, èyí tó ní déètì àti sáìsì, kẹ́ ẹ sì wá owó ẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ mọ èrè tí wọ́n ń jẹ. Èrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Òkìríkà ńkọ́? Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Ẹni tójú ẹ̀ bá là, tó mọ rírán tó dáa lára kọ́là àti ojú bọ́tìnnì, á rí ṣẹ́ẹ̀tì gidi nínú bẹ́élì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láàárọ̀.

## Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ńtì

Ní ìlú ọba àti ilẹ̀ Yúróòpù, òfin fún ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù míì sì máa ń fi kún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ńtì ní London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ má retí kí wọ́n dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e ní Àkúrẹ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọjọ́ ti pé. Torí náà:

1. Lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá ti kọ̀wé pé ó ti dé, ẹ pe éjẹ́ńtì kó ṣí i.
2. Kó ya fọ́tò sáìsì, ìsàlẹ̀ bàtà, ojú rírán aṣọ, àti ibi tó bá ní àbàwọ́n.
3. Ẹ ní kó fi téèpù wọn abẹ́ apá dé abẹ́ apá. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú fóònù yín.
4. Tí kò bá bá a mu, ibẹ̀ ni kó ti dá a padà, kí ẹrù tó wọ bàálù. Ẹ san owó wàhálà fún un.
5. Tó bá dáa, kó yọ páálí, kó ki bébà sínú bàtà kó má baà tẹ̀, kó sì fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ́ máa gbà á, òjò sì wà lójú ọ̀nà láti Èkó títí dé gáréèjì níbí.
6. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á ní gáréèjì, ẹ ṣí i lójú ẹni tó gbé e wá.